Fáìlì orin ìgbà òjò, ìgbà ọyẹ́ àti eré ọmọdé tí mo rà, ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin ìyá ọmọ àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ní màá sọ bí fáìlì orin yẹn ṣe rí, iná ni ò jẹ́ n ráyè jókòó kọ ọ́, ẹ ṣáà mọ bí Ìgbógbò wa ní Ìkòròdú níbí ṣe máa ń rí tójò bá ti ṣú. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń lò ó o, torí náà ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe tẹni tó rajà lánàá tó ń pariwo "ó dáa gan-an" kó tó tú u wò. Mo ti lò ó lójò, mo ti lò ó lọ́yẹ́, ọmọ ti da gàrí sórí ewé kan, òmíràn ti bá atẹ́gùn lọ sí ojúlé kejì tá ò rí i mọ́.

Nǹkan tí mo rà nìyí: fáìlì kan, ewé 46, tí èèyàn máa pírìntì fúnra ẹ̀. Orin ọmọdé ilẹ̀ wa ni wọ́n kó jọ, wọ́n wá tò ó tẹ̀lé ìgbà inú ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ látorí òjò àkọ́rọ̀, ó lọ sí àrọ̀kúrò, ó kan ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, apá tó gbẹ̀yìn wá jẹ́ tọdún, ìyẹn Ààwẹ̀, Iléyá, Àjíǹde, Kérésì àti ọdún ìbílẹ̀. Orin kan, ewé kan, àwòrán tí ọmọ máa kùn wà lábẹ́ ẹ̀, ewé tó tẹ̀lé e á wá jẹ́ eré tó bá orin yẹn lọ, òmíràn á jẹ́ káàdì tẹ́ ẹ máa fi sísọ́ọ̀sì gé, òmíràn á ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà. ₦3,500 ni mo san, kò tíì tó wákàtí kan tí mo tiránsífà tó fi wọlé sórí WhatsApp mi, ìyẹn ò ní wàhálà. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á o, torí mo ní ìbáwí níwájú, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ máa bú ọmọ ọlọ́mọ nítorí tèmi.

Kí ló gbé mi débẹ̀? Mo ń ṣe lẹ́sìn nílé, ọmọ 11 ló ń wá, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 4, àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún 10. Lọ́jọ́ kan òjò ń rọ̀, iná ò sí, mo ní kí wọ́n kọrin òjò fún mi. Orin òyìnbó tí wọ́n gbọ́ nínú fóònù ni gbogbo wọn jọ fi bọnu, èyí tí wọ́n fi ń lé òjò lọ. Mo ní háà, òjò táwọn àgbẹ̀ ń fojú sọ́nà fún ní Ìmọ̀tà lẹ̀ ń lé lọ yìí? Orin tiwa tí mo mọ̀ kì í lé òjò, ọmọ ló ń bá sọ̀rọ̀, pé kó dúró sínú ilé kó máa ṣeré ẹ̀, kí aṣọ ẹ̀ má tutù. Nínú ọmọ 11, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ láti 2018 ni òfin Èkó ti wà pé kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá nílé ìwé o, ṣùgbọ́n èyí tí mò ń rí nínú nótì àwọn ọmọ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ju orúkọ ẹ̀yà ara lọ. Bí mo ṣe rí ìpolówó fáìlì yẹn nìyẹn, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti pírìntì torí ibẹ̀ lowó ń bá lọ. Oríṣi méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́, PDF àti Word. Mo gbé e lọ sí ilé kọ̀ǹpútà kan ní Sábó, bọ̀dá tó wà níbẹ̀ ṣí ti Word, ló bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ, gbogbo ẹ, gbogbo ọ, gbogbo ṣ ló di àpótí kéékèèké, ẹ máa rò pé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n tò síbẹ̀ ni. Ewé 8 ti jáde kí n tó pariwo. Ó ní òun ò mọ̀, pé lẹ́tà Yorùbá ò sí lórí kọ̀ǹpútà òun. Mo sanwó ẹ̀ náà, kí ni mo fẹ́ ṣe? Torí náà PDF ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan Word rárá. Èkejì ni pé ẹni tó ṣe é fi kọ́lọ̀ kun abẹ́ ọ̀rọ̀ lórí gbogbo ewé, búlúù fún òjò, yẹ́lò fún ẹ̀ẹ̀rùn, ó rẹwà lórí fóònù lóòótọ́, àmọ́ yíǹkì ló ń jẹ bí ẹni jẹ iyán. ₦250 ni wọ́n pe ewé kan ní kọ́lọ̀, dúdú jẹ́ ₦100. Dúdú ni mo ṣe, ₦4,600, ẹ wò ó, ó ti ju owó ọjà gan-an lọ, mi ò tíì ka ewé 8 alápòótí. Káàdì nìkan ni mo ṣe ní kọ́lọ̀, mo ní kí wọ́n fi rọ́bà bò ó torí ọwọ́ àwọn ọmọ yìí, ìyẹn náà lówó tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ó wá ku ibi tó dùn mí. Àkọlé orin kọ̀ọ̀kan ní àmì ohùn, ó pé pérépéré, ṣùgbọ́n inú orin gan-an, àmì abẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí àmì òkè kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá délé lè ní kí ló wà níbẹ̀, ṣebí èèyàn á mọ̀ ọ́n. Àgbà á mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó jẹ́ pé orí bébà ló ti kọ́kọ́ ń pàdé orin yẹn ńkọ́? "Igba" kan wà nínú orin kan, ọmọ kan kà á bíi igba náírà, èkejì kà á bí ìgbá tí wọ́n ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ìgbà òjò lorin ń wí. A wá dórí orin iṣẹ́ àgbẹ̀, "oko" wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ọmọ ọdún 7 kan gbé ohùn ẹ̀ sókè níparí ọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ nǹkan tó dà, àwọn tó gbọ́n díẹ̀ nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, ìkan ń yí nílẹ̀, kò tún sí lẹ́sìn mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Kì í sì í ṣe ti kíkà nìkan o. Orin ilẹ̀ wa, ohùn ọ̀rọ̀ ló ń fa ohùn orin lọ́wọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ bá gùn sí lorin máa ń gùn sí, ibi tó bá sọ̀ sí náà lorin á bá a sọ̀. Ṣé ẹ rántí dò-re-mí tí tíṣà fi kọ́ wa ní àmì nígbà tá a wà ní pámárì, dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè? Tí àmì bá ti pé lórí ọ̀rọ̀, ìdajì orin ti wà lórí bébà yẹn, ẹni tí ò gbọ́ ọ rí á tiẹ̀ mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí. Ẹni tó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ á mọ nǹkan tí mò ń wí, àwọn orin tí wọ́n tú láti èdè òyìnbó tí wọ́n sì tún fi ohùn òyìnbó kọ, tí ọ̀rọ̀ á kàn máa yí padà lẹ́nu èèyàn láìmọ̀. Àwọn bí Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ti rí i tipẹ́, orin tó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu ni wọ́n ń ṣe, wọ́n tiẹ̀ gba orin tiẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1922. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, ẹnì kan tún ń ta orin Yorùbá fún ọmọdé láìfi àmì sí i. Èmi tí mò ń tẹ èyí lórí fóònù, ó ń pẹ́ mi, ó ń sú mi, mo ṣì ń fi sí i.

Àìsí àmì yẹn burú, àìsí lílé àti ègbè wá fẹ́ burú jù ú lọ. Gbogbo ìlà ni wọ́n tò mọ́ra wọn bí ewì, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹnì kan máa dá lé àtèyí tí gbogbo ọmọ máa gbè. Orin eré ọmọdé wa tí ò bá sí ègbè, kí ló kù níbẹ̀? Ẹni tó ń lé orin ló ń darí eré, bíi ti bojúbojú, ègbè ló ń sọ fún un bóyá àwọn tó sá pa mọ́ ti ṣe tán. Wọ́n fi líǹkì ohùn sísàlẹ̀ ewé o, mo ra dátà mo ṣí i, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ọ́ látòkèdélẹ̀, òun ló lé, òun náà ló gbè, pẹ̀lú dùùrù lábẹ́ ẹ̀, ó ń fa ohùn bí ẹni tó ń kọrin níbi ìsìn òkú. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ títí, èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún 4 sùn lọ.

Ìyá Àgbà ló yọ mí. Ìyá lándílọ́ọ̀dù wa ni, wọ́n máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án pẹ̀lú àtẹ ẹ̀pà wọn, wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń ka orin fáwọn ọmọ bí ẹni ń ka lẹ́tà. Wọ́n ní, "Ìyáàfin, kí lẹ fi ń jẹ àwọn ọmọ níyà báyìí?" Mo kó ewé náà fún wọn, wọ́n ní àwọn ò mọ̀wé, kí n sọ orí ọ̀rọ̀ fáwọn. Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí wọ́n fi gbà á lẹ́nu mi, wọ́n pàtẹ́wọ́ lé e, wọ́n nawọ́ sáwọn ọmọ pé kí wọ́n gbè é, mo bá ẹ sọ, ìṣẹ́jú méjì ò pé tí ilé fi ń mì. Wọ́n wá fi èdè Ìkòròdú wọn lọ́ ọ sápá kan, ọ̀rọ̀ tó wà lórí bébà bá ti Ọ̀yọ́ lọ, tiwọn bá tilé lọ, èmi ò dá wọn dúró. Látọjọ́ yẹn, tí mo bá ti fẹ́ lo ewé tuntun, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń kọ́kọ́ gbé e lọ lálẹ́, màá fi bírò kọ àmì sí i bí wọ́n ṣe ń pè é, màá kọ L sẹ́gbẹ̀ẹ́ lílé, È sẹ́gbẹ̀ẹ́ ègbè. Ewé 46 yẹn, mo fẹ́ sọ pé èmi pẹ̀lú Ìyá Àgbà la parí ẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ n yin ẹni tó yẹ ká yìn, torí apá eré dáa, ó dáa gan-an. Ẹkùn mẹ́ran ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú, ẹ mọ bó ṣe ń rí, ọmọ á di ara wọn lọ́wọ́ mú yíká, ewúrẹ́ wà nínú, ẹkùn wà níta, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún ewúrẹ́, wọ́n á dínà mọ́ ẹkùn. Ìjà tó máa ń wà níbẹ̀ ni pé ta ló máa jẹ́ ẹkùn, gbogbo ọkùnrin inú wọn ló ń fẹ́ ẹ. Ẹni tó ṣe fáìlì yìí wá ya káàdì kéékèèké, ẹkùn kan, ewúrẹ́ kan, ìyókù ọgbà, ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀, kálukú mú tiẹ̀, ìjà ti parí nìyẹn. Ọgbọ́n gidi ni. Ti bojúbojú náà ní káàdì ibi tí wọ́n ń sá pa mọ́ sí, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, ta ló ń ka káàdì kó tó sá? A jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èyí táwọn ọmọ fẹ́ràn jù ni ti ẹ̀ẹ̀rùn, eré orí bébà kan tó ní ojú ọ̀nà látilé dé oko, ẹ máa ju dáìsì, ẹ máa tẹ̀síwájú, tẹ́ ẹ bá bọ́ sójú ibi tí wọ́n ya igi sí, gbogbo yín á kọrin kan kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní kẹ́ ẹ ra dáìsì, mi ò ra nǹkan kan, kóró àgbálùmọ̀ la lò. Oṣù Èrèlé ni, àgbálùmọ̀ kún Sábó, àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán, wọ́n fọ kóró ẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì kun ojú kan, tá a bá da mẹ́rin sílẹ̀, iye tó bá dojú funfun sókè ni wọ́n máa rìn. Ó tún dùn ju dáìsì lọ torí ó ń dún lórí táìlì ilẹ̀. Ewé eré yẹn, ewé 17, ti fẹ́ ya tán nítorí lílò.

Nǹkan mìíràn tó jọ mí lójú, ẹni náà mọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa. Kò to òjò láti oṣù kẹta dé oṣù kẹwàá bí ẹni pé kì í dáwọ́ dúró, ó fi ewé mẹ́rin sáàárín fún Ọ́gọ́ọ̀sì tójò máa ń sinmi díẹ̀, eré ìta gbangba ló kó síbẹ̀, ó sì bọ́ sí ìgbà tí ilé ìwé wà ní họ́lídè. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n jèrè owó mi, torí Ọ́gọ́ọ̀sì lọmọ ń pọ̀ jù ní lẹ́sìn.

Àmọ́ ẹni tó mọ Ọ́gọ́ọ̀sì báyìí, kí ló dé tó fi ya sínóò sórí ewé ọyẹ́? Ọmọdé kan tó wé nǹkan mọ́ ọrùn, fìlà onírun lórí, funfun funfun ń jábọ́ látòkè. Àwọn ọmọ bi mí pé àǹtí, kí ni funfun yìí, ìkan ní òwú ni, ìkan ní gàrí ni wọ́n ń dà nù, ẹ gbà mí. Ọyẹ́ tiwa, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń gbé bọ̀, ẹnu á bẹ́, ẹsẹ̀ á funfun, wọ́n á fi òrí pa á. Mo ní kí wọ́n fi kíréyọ́ọ̀nù àwọ̀ ilẹ̀ kun gbogbo funfun yẹn, ló bá di eruku. Mo sọ fún ẹni tó tà á, ó ní ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ti mú àwòrán yẹn. Mo mọ̀.

Apá ọdún, díẹ̀ ni màá sọ. Ewé Ààwẹ̀ sọ̀rọ̀ ajísààrì, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń fi orin wéré jí àwọn èèyàn lóru kí wọ́n dìde jẹ sààrì, àti pé inú ẹ̀ ni Sikiru Ayinde Barrister ti gbé fújì jáde. Bàbá ọmọ kan tó jẹ́ onígbàgbọ́ kọ́kọ́ fajúro sí i, nígbà tó wá gbọ́ pé fújì ni wọ́n ń sọ, òun náà ní òun ní káṣẹ́ẹ̀tì nílé. Agolo mílíìkì àti igi la fi lù ú, etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Ti Àjíǹde ò mẹ́nu kan Jùdáàsì, táwọn ọmọ máa ń fi àkísà ṣe ní Gúùdù Fúráídè tí wọ́n á máa nà án kiri àdúgbò tí wọ́n á máa tọrọ owó, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an lorin tí ọmọ Èkó mọ̀ jù lọ́dún yẹn. Ìyá ọmọ kan tó jẹ́ ará Ẹ̀pẹ́ náà bi mí pé Káyókáyó ńkọ́, ọdún tí wọ́n fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe tẹ̀dó sọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn táwọn òyìnbó lé e kúrò l'Ékòó ní 1851. Kò sí níbẹ̀. Agẹmọ ló wà, inú mi dùn torí ọdún ìlú wa ni, àfi bí mo ṣe rí àwòrán, eégún aláṣọ ni wọ́n yà tí wọ́n kọ Agẹmọ sí lábẹ́. Ọmọ ọdún 9 kan tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìkòròdú pọ́ńbélé ló wò ó tó ní, "Àǹtí, èyí ò kí ń ṣe Agẹmọ, ẹní ni Agẹmọ ń wọ̀." Obìnrin ni mí, mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo yọ ewé náà kúrò níbẹ̀.

Ṣé kẹ́ ẹ rà á? Tẹ́ ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá àgbà kan nítòsí tó lè lé orin fún yín, ẹ rà á, ₦3,500 ò pọ̀ jù fún eré tó wà níbẹ̀, káàdì ẹkùn mẹ́ran nìkan tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ dá wà lókè òkun tẹ́ ẹ fẹ́ kí ọmọ yín torí ẹ̀ mọ orin ilé, ẹ dúró díẹ̀ ná, bó ṣe wà yìí ò lè ràn yín lọ́wọ́. Mo ti kọ̀wé sí ẹni tó tà á pé kó fi àmì sí i, kó ya lílé sọ́tọ̀ kúrò lára ègbè, ó kọ́kọ́ ní àwọn oníbàárà kan ló ní àmì ń dí àwọn lójú, mo ní oníbàárà wo nìyẹn, kó fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa tún un ṣe, pé kí n ya fọ́tò ewé tí mo fi bírò kọ àmì sí, mo ti ya 30, ó ku 16.

Ìyá Àgbà wá ní kí n pírìntì ewé 17 míì, ní kọ́lọ̀ o, kì í ṣe fáwọn ọmọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́yìn àtẹ ẹ̀pà wọn.